Ọ̀rọ̀ Tí Fàtímọ̀ Sọ Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀

Ojúlé Kejìlá, Òpópónà Mọ́ṣáláṣí,
Ilo-Awela, Ṣàngó-Ọ̀tà.
9 oṣù Kẹta, 2003.

Tahir, ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùn. Bí ìwé yìí bá bá ọ ní ìdúró, jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Ìyá rẹ kí ọ, Mọ̀nsúrát àbúrò rẹ kí ọ, àwọn ará ilé wa ní Ìwó náà kí ọ. A sọ fún wọn pé oko olú ni o ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, wọn kò gbà wá gbọ́. Níbí, olú fúnra rẹ̀ ló ń hù, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá inú ilé tí ẹ ti ń ká a tutù, àti pé ṣé o ti ra ṣúwẹ́tà.

Èmi náà ní iṣẹ́ tuntun láti ròyìn. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ páànù ti dá mi dúró lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún, o mọ̀ pé n kò lè jókòó lásán. Mo ra kámẹ́rà fídíò kan, tòkúnbọ̀ ni, mo sì ń bá àwọn ènìyàn ya ìnáwó wọn. Ọ̀tà tí o fi sílẹ̀ kọ́ ni èyí. Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti dé sí ọ̀nà Ìdirókò, tí yunifásítì sì tẹ̀lé e, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké sínú ṣọ́ọ̀bù, sínú gáréèjì, sí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tẹ́lẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìdúpẹ́, ayẹyẹ gbígba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí a yà. Wọn kì í bi kámẹ́rà léèrè ẹ̀sìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo wà ní mọ́ṣáláṣí, lọ́jọ́ Àìkú mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, mo ń ya pásítọ̀.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Kámẹ́rà yìí ń ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tó fi ń gba ohùn ti bàjẹ́ kí n tó rà á, ẹni tó tà á kò sì sọ fún mi. Àwòrán á dára, ohùn kankan kò ní sí níbẹ̀. Àpọ́nlé tó ń bá mi to fídíò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́nà Ìjókò máa ń fi orin bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn oníbàárà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá ìyàwó kan wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ṣàdúrà fún ọmọ òun fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wá jẹ́ pé orin jùjú ló ń jáde lẹ́nu òun nínú fídíò. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, àmọ́ ojú tì mí.

Àpọ́nlé ní rẹ́kọ́dà kan wà, kékeré, tí a lè gbé sún mọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà á máa gba àwòrán lọ́tọ̀, rẹ́kọ́dà á máa gba ohùn lọ́tọ̀, òun á wá so méjèèjì pọ̀. Ó ní ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Bá mi wá a.

Àbúrò rẹ sọ pé o ń béèrè nọ́ńbà Kùdírátù onífóònù. Má ṣe ìyọnu. Ìwé ló dára jù. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í já sáàárín ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jìbírílù Ayọ̀rìndé.


Monaghan, Ireland.
27 oṣù Kẹrin, 2003.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti orí ilẹ̀ tútù ibí yìí. Mo kí Màmá, mo kí Mọ̀nsúrát. Ẹ sọ fún Màmá pé inú ilé olú kò tutù, ooru àti òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Ìta ló tutù. Mo ti ra ṣúwẹ́tà.

Fàlílù, ará Ìwó tí a jọ ń gbé yàrá kan, ń bọ̀ wá wo ẹbí rẹ̀, òun ni yóò gbé rẹ́kọ́dà náà fún yín. Kò ju páálí ìṣáná méjì tí a tò léra wọn lọ. Àwo pẹlẹbẹ kan ló ń wọ inú rẹ̀, orí àwo yẹn ni ohùn ń lọ. Kiní kékeré tó ní ìhá lẹ́yìn yẹn ni máìkì, ọrùn aṣọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹ ó máa há a mọ́. Máìkì náà ní bátìrì tirẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ, ẹ má gbàgbé láti máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti tan kámẹ́rà àti rẹ́kọ́dà, kí ẹnì kan dúró síwájú kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé nínú àwòrán, àti ibi tó ti dún nínú rẹ́kọ́dà, ibẹ̀ ni Àpọ́nlé yóò ti so wọ́n pọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni hẹ́dífóònù. Ẹ gbé e bo etí ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Nọ́ńbà ojú rẹ́kọ́dà lè máa sáré kí ohùn má sì wọlé. Etí nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Mo pè yín lọ́dọ̀ Kùdírátù lọ́jọ́ Sátidé, inú mi dùn nígbà tí wọ́n ní ẹ ti dé. Mo bi yín pé báwo ni ẹsẹ̀ Màmá, ẹ ní òjò kò tíì rọ̀ dáadáa. Mo tún bi yín bóyá inú ṣì ń bí yín sí mi nítorí bí mo ṣe fi Pólì Ìlárò sílẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ ní, "A dúpẹ́, a dúpẹ́," ẹ sì gbé fóònù fún Màmá. Mi ò lè kásẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ yẹn nílẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún mi kí n mọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Tahir.


Ilo-Awela, Ṣàngó-Ọ̀tà.
22 oṣù Kẹfà, 2003.

Tahir, ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ níbẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilẹ̀ àjèjì tù ọ́ lára. Fàlílù dé, ó gbé ẹrù náà fún mi lọ́wọ́, ó sì jẹun nílé wa kó tó lọ.

Rẹ́kọ́dà rẹ ti sọ mí di ènìyàn pàtàkì ní Ṣàngó. Ìyá rẹ ló ń gbé hẹ́dífóònù, ó ń gbé e lé orí gèlè rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan nítòsí wa níbí, àwọn onílù àti jẹnẹrétọ̀ ń dún lójú kan náà, ó jókòó sẹ́yìn pẹpẹ pẹ̀lú rẹ́kọ́dà lórí itan. Bí ohùn bá pọ̀ jù, á gbé ọwọ́ sókè. Bí ó bá kéré, á tẹ ọwọ́ sílẹ̀. Bí nǹkan bá há mọ́ máìkì, á fi ọwọ́ gbá àyà. Èmi kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn obìnrin ìjọ rò pé oníròyìn ni, wọ́n ń bì í léèrè ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó ti wá. Nígbà tí Àpọ́nlé so ó pọ̀, gbogbo àdúrà náà jáde ketekete, títí kan ibi tí bàbá ọkọ ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lábẹ́lẹ̀ nítorí àga. Ìyá rẹ ló ní kí Àpọ́nlé gé ibẹ̀ kúrò.

Ní ti fóònù, ẹ̀gbẹ́ ilé ìlọta ni Kùdírátù wà. Bí ẹ̀rọ bá ń lọ ata, ta ni yóò gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀? Inú kò bí mi sí ọ. Ó bí mi nígbà náà, ó ti tán. Jọ̀wọ́, máa kọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Jìbírílù.


Monaghan.
15 oṣù Kejì, 2004.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìnáwó Mọ̀nsúrát, Ọlọ́run á fi ọmọ sí i. Oṣù mẹ́fà ni mo ti retí ìwé yín, fídíò ìgbéyàwó ni mo rí gbà láìsí ìwé kankan nínú rẹ̀.

Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi jọ láti wò ó. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí àwọn ará ilé wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwòrán dára. Ṣùgbọ́n nínú ohùn, aṣọ Àáfà tó ń ha máìkì nìkan la gbọ́, háá, háá, láti ìgbà tí ó ti ń ké kéú títí dé ìgbà tí wọ́n so yìgì. Nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín dìde láti ṣàdúrà fún ọmọ yín, ohùn tilẹ̀ kú pátápátá. Mo rí ẹnu yín tó ń lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wò mí lójú. Bàbá, ẹ ya ti gbogbo ará Ọ̀tà kí ó dára, ẹ wá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ti ọmọ yín.

Ohun kejì nìyí. Kí ló ṣe Màmá? Kò gbé hẹ́dífóònù. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rù, ojú rẹ̀ sì wú. Mo dá fídíò dúró níbẹ̀, mo wò ó títí. Ẹ má parọ́ fún mi.

Èmi,
Tahir.


Ilo-Awela.
20 oṣù Kẹta, 2004.

Tahir,

Mo rí ìwé rẹ, mo sì gbà pé mo jẹ̀bi ní ti fídíò. Èmi nìkan ni mo dá iṣẹ́ náà ṣe, ọwọ́ mi kò tó o. Má bínú. Àbúrò rẹ náà kò tíì wo fídíò yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìyá rẹ kò yá. Oṣù Kẹwàá ló bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń wú tí o máa ń béèrè yẹn. A rò pé ìdúró ló fà á. Dọ́kítà ní kídìnrín ni, méjèèjì ló ti rẹ̀. Wọ́n gba omi sí i lára, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, a lọ, a bọ̀, a tún lọ. Òun ló ní kí a má sọ fún ọ. Ó ní bí o bá gbọ́, wàá fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ wá, wọn kò sì ní jẹ́ kí o padà wọlé mọ́. N kò bá a jiyàn. Bóyá ó yẹ kí n bá a jiyàn.

Mọ̀nsúrát àti ọkọ rẹ̀ ti kó wá sí Agbara nítorí ìyá rẹ, ó ń wá sílé lọ́jọ́ méjì méjì láti tọ́jú rẹ̀. Lánàá ìyá rẹ jẹ ẹ̀kọ díẹ̀. Ó bi mí bóyá ìjọ tí a ní láti yà lọ́jọ́ Àìkú ti san àsansílẹ̀, mo ní mo ti dá wọn lóhùn pé n kò ní wá. N kò gba iṣẹ́ kankan mọ́.

Bàbá rẹ.


Monaghan.
18 oṣù Karùn-ún, 2004.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ kú àìsùn. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe ìwé ìgbélùú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹjọ́ mi ṣì wà lórí tábìlì, pé bí mo bá jáde, ẹjọ́ náà ti kú nìyẹn. Mo sọ fún Màmá lórí fóònù ọkọ Mọ̀nsúrát pé mi ò ka ẹjọ́ kún, pé mò ń bọ̀. Ó ní bí mo bá wá, òun kò ní jẹ́ kí n wọ yàrá òun. Ó ń mí gúlegúle. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá mi sọ, kì í ṣe èyí tí a ń sọ lórí fóònù tí káàdì ń tán. Ó ní, "Inú ẹ̀rọ rẹ yẹn ni mo fẹ́ sọ ọ́ sí. Mo mọ bó ṣe ń gbọ́ràn."

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ yà á fún mi. Ẹ gbé e jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ há máìkì mọ́ aṣọ rẹ̀, kí ó sọ gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ, bó bá gba wákàtí kan. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bí wọ́n bá gbà. Bàbá, ẹ gbé hẹ́dífóònù sétí. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé kò wọlé. Ẹ má ṣe é bí ẹ ṣe ṣe ti Mọ̀nsúrát.

Tahir.


Ilo-Awela.
12 oṣù Kẹfà, 2004.

Tahir, ọmọ mi,

A ti ṣe é. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ni. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní kí Mọ̀nsúrát bá òun di irun, kí ó wọ bùbá aláwọ̀ ewé fún òun. A gbé e jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ jáde, ó ku èmi àti òun. Ó bá ọ sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, kò sinmi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Fàlílù ti wá sílé láti oṣù tó kọjá, ó ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti di kásẹ́ẹ̀tì àti àwo rẹ́kọ́dà pọ̀ fún un. N kò gbé e fún Àpọ́nlé. Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ tìrẹ ni, ará ìta kankan kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ṣáájú rẹ. Fàlílù ní o mọ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀.

15 oṣù Kẹfà.

Tahir, n kò tíì fi ìwé yìí ránṣẹ́. Fàtímọ̀ ìyá rẹ fi wá sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. A ti sin ín kí a tó kírun Àsárì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá, títí kan àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti bá ṣiṣẹ́. Mọ̀nsúrát ní ọkọ òun pè ọ́, pé o ti gbọ́. Ohun tí mo lè kọ kò ju èyí lọ. Gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ọ sọ. Ohun tí ó kù fún ọ nìyẹn.

Bàbá rẹ.


Monaghan.
9 oṣù Kẹjọ, 2004.

Bàbá,

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Kásẹ́ẹ̀tì dé. Mo gba ìsinmi ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tan kásẹ́ẹ̀tì, mo sì tan àwo náà nínú rẹ́kọ́dà tí mo yá. Mo dúró de ìgbà tí ẹ máa pàtẹ́wọ́. Mo rí yín tí ẹ pàtẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Mo rò pé mo pẹ́ kí n tó tan rẹ́kọ́dà ni. Mo dá a padà, mo tún un ṣe. Ṣíí ló ń dún, Bàbá. Ṣíí fún ogójì ìṣẹ́jú. Bátìrì inú máìkì ti kú. Bátìrì tí kò ju hóró àgbàdo lọ.

Màmá mi ń sọ̀rọ̀, ó ń wò mí lójú, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ni mo ti rí òjìji yín lára ògiri, hẹ́dífóònù wà ní orí yín. Ẹni tó bá gbé e sétí yóò ti mọ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kí ni ẹ ń gbọ́? Kí ni ẹ ń rò? Ẹ jókòó síbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹ ń gbọ́ òfìfo, ẹ sì jẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta tí yóò kú. Ẹ lè tún un ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ lè tún un ṣe ní Sátidé.

Ẹ̀yin nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ fún mi. Bí ẹ bá rántí rẹ̀, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ kò bá rántí, ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi mọ́.

Tahir.


Ilo-Awela.
11 oṣù Kìíní, 2005.

Tahir, ọmọ mi,

Oṣù márùn-ún ni ìwé rẹ ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà, mo ń ya á. Èyí ni n kò ní ya.

Èmi kò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ sọ. Kì í ṣe pé n kò fetí sílẹ̀. N kò gbọ́ràn mọ́ ni.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé páànù ni mo dúró sí fún ọdún mọ́kànlélógún. Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ, o ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà nígbà náà. Mo rò pé èérí ni, mo ń ro epo sí i. Kí ó tó di pé o lọ sí Ìlárò, etí ọ̀tún náà ti ń tẹ̀lé e. Ọjọ́ tí wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́, kì í ṣe pé iṣẹ́ tán bí mo ṣe sọ fún yín. Fàtáì tí a jọ ń lo ẹ̀rọ ló pariwo pé kí n dá a dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ irin. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò gbọ́. Ìka méjì ló fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá rẹ nìkan ni mo sọ fún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ọmọ má gbọ́. N kò fẹ́ kí ẹ máa fi ọwọ́ júwe fún mi níwájú ènìyàn bí wọ́n ti ń ṣe fún odi. Ó gbà. Bí àlejò bá ń sọ̀rọ̀, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó ń béèrè, á kọjú sí mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀. Ẹnu tirẹ̀ nìkan ni mo lè kà ní gbogbo ayé. Fóònù kò ní ẹnu. Nígbà tí o pè lọ́dọ̀ Kùdírátù, mo kàn ń méfò ohun tí ọmọ lè bi bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí ìyá rẹ, tí o ròyìn fún lórí fóònù, wá sọ fún mi nílé ohun tí o bi mí gan-an, n kò lè jẹun.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi dára nígbà tí ó wà níbẹ̀, tí ó sì bàjẹ́ nígbà tí àìsàn dá a dúró. Mo gbé hẹ́dífóònù lọ́jọ́ ìgbéyàwó Mọ̀nsúrát, mo ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́.

Jẹ́ kí n sọ bí Ọjọ́bọ̀ yẹn ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Àbúrò rẹ ní òun fẹ́ dúró, kí òun bá wa gbé hẹ́dífóònù. Ìyá rẹ wò mí lójú, ó fẹ́ kí n jẹ́ kí ó dúró. Mo ní rárá. Mo ní, "Mo gbọ́ ọ ketekete, jáde." Mo mọ̀ pé bí Mọ̀nsúrát bá gbé e sétí, yóò mọ̀ pé bàbá òun ti ń parọ́. Mo lé ọmọ tó ní etí jáde, mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú èyí tí mo ní. Ìyá rẹ na ọwọ́ kí n gbé hẹ́dífóònù fún òun kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí i pé ọrùn rẹ̀ kò lè gbé e. Mo fi nọ́ńbà tó ń sáré hàn án, ó sì gbà.

Mo wò ó nínú gíláàsì kékeré ara kámẹ́rà. Ètè rẹ̀ gbẹ, kò ṣí i púpọ̀, n kò lè kà á bí mo ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Mo rí orúkọ rẹ lẹ́nu rẹ̀ ní ìgbà púpọ̀. Mo rí i tó fi ọwọ́ wọn gíga ọmọ kékeré, bóyá ìwọ, bóyá Mọ̀nsúrát. Mo rí "Ìlárò." Lẹ́yìn náà ni omi bò mí lójú, mo kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀ kí ó má bàa rí mi. Nígbà tí mo padà wò ó, ó ti ń nu ojú ara rẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi ojú bi mí pé ṣé ó wọlé. Mo mi orí pé ó wọlé. Ó sùn lẹ́yìn ìyẹn, oorun tó dára.

Ohun tí mo lè kọ fún ọ nìyí. Bí o bá ní kí n má kọ̀wé mọ́, n kò ní bá ọ jà.

Bàbá rẹ,
Jìbírílù.


Monaghan.
2 oṣù Kejì, 2005.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò dìde kíákíá.

Mo ka ìwé yín níbi iṣẹ́, láàárín àwọn olú, pẹ̀lú iná tí wọ́n ń so mọ́ wa níwájú orí. Ọ̀gá mi bi mí ohun tó ṣe mí, mo ní kò sí nǹkan. Mi ò ní purọ́ fún yín bí mo ṣe purọ́ fún un. Ó ṣì ń dùn mí. Ó lè máa dùn mí títí. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ti lọ, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ láyé yìí. Bí mo bá rántí pé Mọ̀nsúrát wà lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde kúrò níbi tí mo jókòó sí.

Ṣùgbọ́n mo gbé ìwé yín lé ẹsẹ̀, mo sì tún kásẹ́ẹ̀tì náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí ibi tó ti wọn gíga ọmọ. Mo rí ibi tó ti dárúkọ Ìlárò. Mo sì dé ibi tí ẹ ní ẹ ti kọjú sí ògiri. Mo mọ ibẹ̀, nítorí kámẹ́rà mì díẹ̀. Ẹ kò mọ ohun tó ṣe níbẹ̀, Bàbá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ó wo ibi tí ẹ wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó wá kọjú sí mi, ó fi ìka kan etí rẹ̀ ọ̀tún, ó kan ti òsì. Ó nawọ́ sí ọ̀dọ̀ yín, ó sì mi orí pé rárá. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí a ti ń rín ẹni tí a fẹ́ràn tó lágídí. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn sí mi, ó ń tẹ orí ba, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ìyẹn náà ló sì mú un sunkún. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú tí ẹ fi yíjú padà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo rò pé ó ń sọ pé kí n máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Inú sì bí mi sí i, nítorí kò sí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà.

Ẹ sọ fún Mọ̀nsúrát. Ẹ má jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ sì máa kọ̀wé sí mi, mo ti mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn ìwé.

Ní ti ẹ̀bẹ̀, ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Màmá ti bá yín bẹ̀ mí kí ẹ tó ṣẹ̀ mí.

Èmi ọmọ yín,
Tahir.